Mọ́tò tó ń gbọ̀n níléeṣẹ́ yín: Ẹ má tíì ra bẹ́rìn tuntun, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó pa ti tẹ́lẹ̀

Ohun kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ń fi ẹ̀rọ jẹun lágbègbè Mátórì, ní Fatai Atere àti káàkiri Mushin, títí dé Surulere àti Yaba. Mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ wọn yóò jóná, wọn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wé kọ́ìlì, wọn yóò sanwó, wọn yóò sì gbé e padà wá síbi iṣẹ́. Kò ní í ju oṣù mélòó kan lọ tí mọ́tò ọ̀hún yóò tún fi jóná. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ yóò gba ọ̀dọ̀ ẹni tó wé kọ́ìlì lọ, yóò ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa. Ẹni yẹn náà yóò ní òun kọ́, iná NEPA ni. Bí wọ́n ṣe ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ náà, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó tíì fọwọ́ kan ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́rìn ló kọ́kọ́ kú, kọ́ìlì kàn tẹ̀ lé e lọ ni.

Mọ́tò tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lójú títì o. Mọ́tò iná ni, èyí tó ń po ìyẹ̀fun níléeṣẹ́ búrẹ́dì, tó ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá, tó ń fa omi fáwọn tó ń ṣe piọ́ wọ́tà, tó sì ń yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ inú ilé ẹja dídì. Àwọn kan ò ju horsepower 5 lọ, àwọn mìíràn tó 50. Ọjọ́ tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, gbogbo iléeṣẹ́ ló dákẹ́ yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó, ìyẹ̀fun tí wọ́n ti fi omi sí á bà jẹ́, oníbàárà tó ti sanwó sílẹ̀ á sì máa pe fóònù.

Ọ̀rọ̀ owó tó wà níbẹ̀ tún ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ilẹ̀ òkèèrè ni bẹ́rìn ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 tí báńkì àgbà orílẹ̀-èdè yìí jọ̀wọ́ owó náírà kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Bẹ́rìn tí wọ́n máa ń rà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà kan ti wá di ohun tí èèyàn ń ṣírò kó tó mú owó síta. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún lórí mọ́tò kan ṣoṣo, owó èrè rẹ̀ ló ń kó fún àwọn tó ń ta páàtì.

Bí bẹ́rìn ṣe ń jó kọ́ìlì

Nínú mọ́tò iná, irin róbótó kan wà láàárín tó ń yí, kọ́ìlì ló sì yí i ká. Bẹ́rìn méjì ló gbé irin náà dání, ọ̀kan níwájú lápá ibi tí púlì wà, ọ̀kan lẹ́yìn lápá ibi tí fáànù wà. Àlàfo tó wà láàárín irin tó ń yí àti èyí tí wọ́n wé kọ́ìlì mọ́ kéré gan-an ni. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wà láwọn iléeṣẹ́ kéékèèké, kì í tó mìlímítà kan.

Bẹ́rìn fúnra rẹ̀ kò ju òrùka irin méjì lọ, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, pẹ̀lú àwọn ọmọ irin róbótó tó ń yí láàárín wọn. Tí ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ náà ń gbà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, bẹ́rìn á di jẹ́gẹjẹ̀gẹ, irin àárín ò ní í lè dúró lójú kan mọ́. Yóò máa sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, mọ́tò á máa gbọ̀n, á máa gbóná, yóò sì di ọjọ́ kan tí irin tó ń yí á fara ha irin tí kọ́ìlì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́ìlì ti ń jó. Ẹni tó bá wé kọ́ìlì tuntun sínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láìyẹ bẹ́rìn wò, iná tuntun ló kó ṣáájú àlòkù bẹ́rìn.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni èyí ti wọ́pọ̀. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná tí wọ́n ń pè ní IEEE gbé jáde lọ́dún 1985 lórí àwọn mọ́tò ńlá tó ju horsepower 200 lọ fi hàn pé nínú gbogbo ìbàjẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé bẹ́rìn ló fà á. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ní ẹ́ńjíníà nìyẹn o, tí iná wọn kì í sì í ṣe ségesège bíi tibí.

Bẹ́rìn kì í dédé kú

Ìtàn ọkùnrin kan wà tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Sven Wingquist lorúkọ rẹ̀, ẹ́ńjíníà ni níléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ní ìlú Gothenburg, lórílẹ̀-èdè Sweden. Ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ náà lé, ilẹ̀ ọ̀hún sì máa ń sún. Tí ilẹ̀ bá ti sún díẹ̀, àwọn ọ̀pá irin gígùn tó ń yí ẹ̀rọ ìhunṣọ kò ní í gún régé mọ́, bẹ́rìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pípààrọ̀ bẹ́rìn kò tán ìṣòro náà. Wingquist jókòó, ó wo ohun tó ń pa bẹ́rìn, ó sì ṣe irú bẹ́rìn kan tí òrùka inú rẹ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ sápá kan láìjẹ́ pé ó fún àwọn ọmọ inú rẹ̀ pa. Ọdún 1907 nìyẹn, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì dá iléeṣẹ́ SKF sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà lára bẹ́rìn káàkiri ayé títí dòní.

Ẹni tó bá mọ bí apá Ìgànmú ṣe jẹ́ ilẹ̀ àbàtà nígbà kan, tàbí tó ti rí bí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ iléeṣẹ́ ṣe ń sán lẹ́yìn òjò, yóò mọ̀ pé ìṣòro Wingquist kò jìnnà síbí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé òun béèrè ohun tó fà á. Níbi, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni, "Èló ni òmíràn?"

Bí ẹ ṣe lè gbọ́ ọ kó tó kú

Bẹ́rìn máa ń sọ̀rọ̀ kó tó kú, ó sì lè sọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù pàápàá. Èyí tó dáa máa ń kùn geere, ohùn kan náà látàárọ̀ dalẹ́. Èyí tí gírísì rẹ̀ ti gbẹ máa ń han bí ẹni ń súfèé. Èyí tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ti ṣí máa ń dún gbẹrẹgẹdẹ bí ẹni ń lọ ata tí òkúta wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ ní ọgbọ́n kan tó ṣì wúlò: wọ́n á fi ẹnu sukurudíráfà gígùn kan ìdérí mọ́tò lójúkan ibi tí bẹ́rìn wà, wọ́n á sì fi etí ti ìdí rẹ̀ gbọ́ ohun tó ń lọ nínú. Ẹ ṣe é níwájú, ẹ ṣe é lẹ́yìn, ẹ wo èyí tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sún mọ́ bẹ́líìtì tàbí púlì, ẹni tó sì wọ aṣọ fífẹ̀ tàbí tó so nǹkan mọ́ ọrùn kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọwọ́ mọ ìgbóná, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè tan èèyàn jẹ. Mọ́tò tó dáa tó ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan lè gbóná débi tí ọwọ́ kò ní í lè dúró lára rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín òní àti oṣù tó kọjá. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ibà èèyàn láìfọwọ́ kàn án, èyí tó pọ̀ lóde nígbà kòrónà lọ́dún 2020, ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ. Kò wọ́n jù, ó sì ń sọ iye ìgbóná gan-an.

Fún ìgbọ̀n fúnra rẹ̀, irinṣẹ́ kan wà tó dà bíi pẹ́ẹ̀nì ńlá, tí wọ́n ń gbé lé ara mọ́tò, tó sì máa ń kọ nọ́ńbà jáde. Nọ́ńbà náà ń sọ bí ara mọ́tò ṣe ń sáré lọ sáré bọ̀, iye mìlímítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àjọ ISO tó ń ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo ayé gbé ìwọ̀n kan jáde lọ́dún 1995 tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn pẹ́ẹ̀nì yìí ṣì ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi ìwé tuntun rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2016. Fún mọ́tò tí kò ju kìlówáàtì 15 lọ, ìyẹn nǹkan bíi horsepower 20, ohun tí kò bá ju 0.71 lọ dà bíi mọ́tò tuntun. Títí dé 1.8, kò sí wàhálà. Láti ibẹ̀ dé 4.5, ó ṣì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe fún ìgbà pípẹ́, ẹ tètè wá ohun tó ń ṣe é. Tó bá ti ju 4.5 lọ, ẹ pa á. Fún mọ́tò tó wà láàárín kìlówáàtì 15 sí 75, àwọn nọ́ńbà náà gòkè sí 1.12, 2.8 àti 7.1.

Ẹ pa iná, kí ẹ sì máa fetí sílẹ̀

Kó tó di pé wọ́n ń tú mọ́tò, ìdánwò méjì wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Èyí àkọ́kọ́: nígbà tí mọ́tò bá ń gbọ̀n lọ́wọ́, ẹ pa iná rẹ̀ lójijì. Ẹ fọkàn sí ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dúró pátápátá. Tí ìgbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí iná kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò ṣì ń yí lọ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ iná ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ìgbọ̀n náà ń rọlẹ̀ bí mọ́tò ṣe ń rọra dúró, irin ló ń ṣe é: bẹ́rìn, púlì, bẹ́líìtì, ṣáàfù tó tẹ̀, tàbí ìdúró mọ́tò fúnra rẹ̀.

Ìkejì: nígbà tí iná bá ti kúrò, tí wọ́n sì ti yọ fíúsì kí ẹlòmíràn má baà tan án, ẹ bọ́ bẹ́líìtì kúrò. Ẹ wá tan mọ́tò nìkan. Tí ìgbọ̀n bá ti lọ, ẹ má fìyà jẹ mọ́tò mọ́, ara ẹ̀rọ tó ń yí tàbí ara bẹ́líìtì ni kí ẹ lọ wò. Ọ̀pọ̀ owó ló ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń wé kọ́ìlì nítorí púlì tí ihò rẹ̀ ti fẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iná, féèsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Gbogbo èèyàn Mushin ló mọ ohun tó ń jẹ́ kí féèsì kan lọ kí méjì ṣẹ́ kù. Mọ́tò tó ti ń yí tẹ́lẹ̀ kì í dúró nígbà tí féèsì kan bá lọ, yóò máa yí lọ lórí méjì, á máa hún, á máa gbọ̀n, á sì máa jóná díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni èyí tí ojú kò rí, tí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà àmọ́ tí wọn kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká ní oníná yín wọ̀n wọ́n, ó rí 415, 400 àti 385. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,200, tí a bá pín in sí mẹ́ta, ó di 400. Èyí tó jìnnà jù sí 400 fi 15 jìnnà sí i, 15 nínú 400 sì jẹ́ 3.75 nínú 100. Ó jọ ohun kékeré létí. Ìwọ̀n NEMA tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ní tó bá ti ju 1 nínú 100 lọ, kí wọ́n dín ẹrù mọ́tò kù, tó bá sì ju 5 lọ, kí wọ́n má tan án rárá. Ìdí ni pé ìgbóná kì í bá a gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan: ní 3.75 yẹn, ìgbóná tí kọ́ìlì ń fi kún ti afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lè fi nǹkan bí 28 nínú 100 pọ̀ sí i. Bẹ́rìn á jìyà nínú ìgbóná náà, torí tí bẹ́rìn bá ti gbóná ju ìwọ̀n 70 lọ, gbogbo 15 tó bá fi kún un ń gé ọjọ́ ayé gírísì sí ìdajì.

Kí wọ́n tó sọ pé Eko Disco ló jẹ̀bi, ẹ wò ó bóyá ilé yín kọ́ ló fà á. Iléeṣẹ́ tó so ẹ̀rọ amúlétutù, fírísà àti iná gbogbo ọ́fíìsì mọ́ féèsì kan ṣoṣo, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìwọ̀n.

Bẹ́líìtì tí wọ́n fún jù

Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa bẹ́rìn jù níléeṣẹ́ kéékèèké, bẹ́líìtì ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi. Bẹ́líìtì á máa yọ̀ lórí púlì, á máa han, ọmọ iṣẹ́ á wá fi irin gígùn wọ́ mọ́tò sẹ́yìn, á fún bóòtù rẹ̀ pa, bẹ́líìtì á le bí okùn gìtá. Ariwo dákẹ́, inú ọ̀gá dùn. Gbogbo agbára tí wọ́n fi fa bẹ́líìtì yẹn, orí bẹ́rìn iwájú ló dúró sí tọ̀sán-tòru.

Ìṣirò tí àwọn tó ń ṣe bẹ́rìn ń lò fi yé wa pé tí ẹrù orí bẹ́rìn onírin róbótó bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ kì í kù sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ló máa kù. Bẹ́rìn tó yẹ kó lo ọdún mẹ́rin á lo oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ń ráhùn pé bẹ́rìn ayé òde òní kò lágbára mọ́, kó lọ tẹ bẹ́líìtì rẹ̀ wò ná. Tí bẹ́líìtì bá ń yọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un tó bó ṣe yẹ, bẹ́líìtì ló ti gbó tàbí ojú púlì ló ti jẹ, àwọn yẹn ni kí wọ́n pààrọ̀.

Ìdúró mọ́tò náà ṣe kókó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mọ́tò fi ń dúró, tí ọ̀kan kò bá kanlẹ̀ dáadáa tí wọ́n sì fi bóòtù fà á wálẹ̀ tipátipá, ara mọ́tò á yí, ọ̀nà bẹ́rìn méjèèjì ò ní í gún mọ́. Ẹ pa iná, ẹ tú bóòtù kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ náà gbéra sókè. Tó bá gbéra, páànù fẹ́lẹ́ tó kún àlàfo yẹn gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe páálí, kì í sì í ṣe igi.

Ẹ la òkú bẹ́rìn wò

Àṣà tó wà ni pé tí wọ́n bá ti yọ bẹ́rìn tó kú, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn oníkórékóré á sì kó o lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Ẹ ní kí wẹ́dà fi ẹ̀rọ gé òrùka ìta rẹ̀, kó wọ gíláàsì ojú, kí ẹ sì wo ojú ọ̀nà inú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Ohun tó pa á máa ń wà lára rẹ̀.

Tí irin bá ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo lára òrùka ìta, lápá ibi tí bẹ́líìtì ń fà sí, ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é. Tí irin bá ti di búlúù tàbí àwọ̀ kọfí, gírísì ló tán tàbí ìgbóná ló pọ̀ jù. Tí ẹ bá rí ojú dídẹ̀ kéékèèké tí àlàfo wọn bá ti àwọn ọmọ irin mu, òòlù ni wọ́n fi gbá a wọlé. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń fi òòlù lu òrùka ìta kí òrùka inú lè wọ ṣáàfù, ara àwọn ọmọ irin ni gbogbo ìlù náà ń gbà kọjá, bẹ́rìn tuntun sì ti gbọgbẹ́ kí wọ́n tó tan iná. Òrùka inú ni wọ́n ń tì, pẹ̀lú páìpù tó bá a mu, tàbí kí wọ́n fi epo gbóná mú un fẹ̀, tí ìgbóná náà kò sì gbọdọ̀ ju 120 lọ. Iná wẹ́dà kò gbọdọ̀ kàn án rárá.

Nígbà mìíràn, ojú dídẹ̀ náà máa ń ní àwọ̀ ìpẹtà pupa. Èyí tiẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà dáadáa. Mọ́tò tó dúró láìṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ńlá ló sábà máa ń ní in: jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n, ilẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ọmọ irin inú bẹ́rìn mọ́tò tó dúró sì ń ha ojú kan náà lọ́sàn-án lóru títí wọ́n á fi jẹ ẹ́ wọ inú. Ọjọ́ tí wọ́n bá tan mọ́tò tí wọ́n ń pè ní tuntun yìí, ariwo ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní mọ́tò tí kò lò, kó gbé e jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kó sì máa fọwọ́ yí ṣáàfù rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èyí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìlà páànù òrùlé. Iná mọ̀nàmọ́ná ló gba inú bẹ́rìn kọjá. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí eré mọ́tò padà máa ń fà á, bí irú èyí tó wà lára ẹ̀rọ ọ̀rá ìgbàlódé. Wẹ́dà náà lè pa bẹ́rìn: tó bá so wáyà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìdí mọ́tò nígbà tó ń jó irin lápá ibòmíràn lára ẹ̀rọ náà, inú bẹ́rìn ni iná á gbà lọ, á sì jẹ irin náà lójú. Ojúkan ibi tó ti ń jó irin gan-an ni kó so wáyà ilẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ilé bẹ́rìn náà, ìyẹn ihò inú ìdérí mọ́tò tó gbé e dání. Tó bá ti fẹ̀, bẹ́rìn á máa yí nínú rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi pọ́ńṣì lu ihò náà kó lè gbá bẹ́rìn mú. Ẹ̀tàn ni, kì í tọ́jọ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgérin ni kó fi irin tuntun bọ̀ ọ́, kó gé e sí ìwọ̀n.

Gírísì àti bẹ́rìn tí ẹ máa rà

Gírísì pípọ̀ kì í ṣe ìkẹ́. Tí wọ́n bá kún bẹ́rìn bámúbámú, àwọn ọmọ irin á máa po gírísì, á máa gbóná, gírísì á yọ́ jáde, yóò sì lè dé orí kọ́ìlì. Ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì àyè tó wà nínú rẹ̀ ti tó. Ẹ má po gírísì irú méjì pọ̀, torí oríṣiríṣi ni ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n, tí àwọn kan bá sì pàdé ara wọn, wọ́n á ṣàn bí omi. Bẹ́rìn tí wọ́n kọ 2RS sí lára ti ní gírísì àti rọ́bà tó dí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọn kì í ṣí i fi òmíràn kún un.

Nọ́ńbà ara bẹ́rìn rọrùn kà. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, láti 04 lọ sókè, tí ẹ bá fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ìwọ̀n ihò rẹ̀ ló jáde. 6205 jẹ́ mìlímítà 25, 6308 jẹ́ 40, 6312 jẹ́ 60. Nọ́ńbà kejì ń sọ bó ṣe ki tó: 6208 àti 6308 yóò wọ ṣáàfù kan náà, ṣùgbọ́n 6308 tóbi níta, ó sì ń gbé ẹrù jù. C3 tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà túmọ̀ sí pé wọ́n fi àyè díẹ̀ kún un nínú nítorí ìgbóná. Tó bá wà lára ti àtijọ́, kó wà lára tuntun náà, kí ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà sọ fún yín pé bákan náà ni.

Ayédèrú pọ̀ lóde, pàápàá àwọn tó ń jẹ́ orúkọ tó gbajúmọ̀. Tókunbọ̀ tí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀, tí wọ́n sì wé sínú ọ̀rá tuntun náà wà ńbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe bẹ́rìn lágbàáyé ní ètò kan lórí fóònù tí wọ́n ń pè ní WBA Bearing Authenticator, tí èèyàn lè fi yẹ àmì ara páálí wò, SKF náà sì ní tirẹ̀. Ọlọ́jà tó bá bínú nítorí pé ẹ mú fóònù jáde níwájú rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pe onímọ̀

Fún mọ́tò ńlá tí gbogbo iléeṣẹ́ gbára lé, ó dáa láti pe àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ka ìgbọ̀n. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe àfọwọ́rọ́. Bẹ́rìn 6205 tó wọ́pọ̀ ní ọmọ irin mẹ́sàn-án. Tí ihò kékeré kan bá wà lójú òrùka ìta rẹ̀, tí mọ́tò sì ń yí 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, àwọn ọmọ irin á kọlu ihò náà ní nǹkan bí ìgbà 87 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá jẹ́ òrùka inú ni, nǹkan bí 131 ni. Kọ̀ǹpútà á wá àwọn nọ́ńbà yẹn láàárín gbogbo ariwo, á sì sọ ibi tí ọgbẹ́ wà láìtú bóòtù kankan. Ní yunifásítì Case Western Reserve ní Amẹ́ríkà, wọ́n dìídì dá ọgbẹ́ sára irú bẹ́rìn yìí nínú mọ́tò horsepower 2, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọgbẹ́ náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.18 lọ, ẹ̀rọ sì rí i. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn olùwádìí káàkiri ayé fi ń dán ọgbọ́n wọn wò.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì ká ìyẹn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì ìgbọ̀n kan àti ìwé kékeré kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi bẹ́rìn tuntun sí i, kí wọ́n jẹ́ kí mọ́tò ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kí wọ́n wọn ìgbọ̀n níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí ẹrù bá jọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí nọ́ńbà bá ti di ìlọ́po méjì ti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ṣe ìdánwò pípa iná àti ti bíbọ́ bẹ́líìtì lọ́jọ́ náà. Ibi tí wọ́n bá sì gbé pẹ́ẹ̀nì lé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun tọ́ ọ sí lára mọ́tò, kó lè jẹ́ ojú kan náà ni ọmọ iṣẹ́ yóò máa gbé e lé, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.